Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Dúró ní Ọ̀wárá

“Kò ní dúró,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ládépò wí. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé orí ọkọ̀ ojú irin náà ti kó ìdọ̀tí bá a. “Ẹ ó dẹ ìrìn bí ẹ bá dé Ọ̀wárá, kí àwọn èrò lè rí ìlú náà wò dáadáa. Ẹ ó fun fèrè, ẹ ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní dúró.”

Tàlàbí jókòó sí àyè awakọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí irin bíréèkì, irin tí òun fúnra rẹ̀ fi yanrìn àti epo ha ìpẹtà kúrò lára rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ojú ẹja. Láti ojú fèrèsé, ó ń wo pèpéle tẹ́ṣàn Òkè-Ìtura, níbi tí àwọn èrò ti ń wọlé. Àwọn àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń wọ kọ́ọ̀ṣì iwájú, gíláàsì ńlá bo ojú wọn. Àwọn àgbààgbà ọmọ Ọ̀wárá ń wọ kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn, wọ́n di ẹrù wẹ́wẹ́ mọ́ra bí ẹni tó ń lọ sílé.

“Bóyá etí mi ló dí,” ó ní. “Ẹ tún un sọ.”

“Màmá, òfin tuntun ni. Ohun ìrántí ni ọkọ̀ yìí, kì í ṣe ọkọ̀ ìrìnnà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ níbí, ibí náà ni yóò ti sọ̀. Bí èèyàn bá wọkọ̀ níbìkan, tó wá sọ̀ níbòmíràn, ó ti rìnrìn àjò nìyẹn. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìrìn àjò orí ilẹ̀ ti di èèwọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti wà nínú ìsinmi.”

“Ìgbà wo lẹ ṣe òfin tuntun yìí?”

“Àná.”

“Àná!” Tàlàbí wá yíjú sí i wàyí. “Lẹ́yìn tí a ti di bóòtù ìkẹyìn. Ẹ ò ṣe é nígbà tí a ń gé igi. Ẹ ò ṣe é nígbà tí irin gé ìka àbúrò mi jù sínú koríko. Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ ná, òfin wá dé lánàá.”

Ládépò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀rín. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kò tíì pé ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ funfun láìní àbàwọ́n nítorí pé kò fi í tẹ ilẹ̀ rí. Òun ni aṣojú Àjọ Ohun Àná, àwọn tó láṣẹ lórí gbogbo ohun tó bá ti dàgbà ju ìran kan lọ. Ó na ìka sí àpótí dúdú kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mọ́ ògiri lókè bíréèkì. Ojú pupa kan ń ṣẹ́jú níwájú àpótí náà.

“Ẹlẹ́rìí ti wà níbẹ̀,” ó ní. “Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tí kò yẹ, á tì í pa. Á sì ti ọwọ́ ẹni tó ń wà á. Mo bẹ̀ yín, Màmá, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀.”

Tàlàbí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títi ọwọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní Òkè-Ìtura, àtẹ́lẹwọ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Omi ẹ̀rọ, àpótí oúnjẹ, àpótí tó ń gbé èèyàn lọ sí àjà òkè, àtẹ́lẹwọ́ náà ni. Wọ́n ti ọwọ́ ọkùnrin kan ní àjà tí Tàlàbí ń gbé, nítorí pé ó gbin ẹ̀fọ́ sórí òrùlé láìgbàṣẹ. Títí dòní, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣí omi fún un bí ọmọ ọwọ́. Bí ìyàwó náà bá pẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ lọkùnrin náà ń jókòó sí, á sì máa kí àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé ó kàn ń gba afẹ́fẹ́ ni.

Ládépò sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àwọn àlejò. Bó ti ń lọ ni Ìgè, àbúrò Tàlàbí, fi ọwọ́ rẹ̀ tó ku ìka mẹ́ta gbá irin àkàbà mú, ó sì gun orí ọkọ̀ wá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́.”

“O ti gbọ́, o sì ń mí?”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Kí o bínú! Kí o bínú, Ìgè, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni orí mi ń dàrú.”

Ìgè wolẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó to ojú irin náà. Nígbà tí ìjọba kó gbogbo ará àfonífojì kúrò, tí wọ́n ní ó ti rẹ ilẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n fòfin de gbogbo ohun tó ń yí lórí ilẹ̀: mọ́tò, kẹ̀kẹ́, ọmọlanke pàápàá. Ẹsẹ̀ èèyàn náà di èèwọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ wá ń wọ àwòdì, ọkọ̀ tó ń fò láti òrùlé dé òrùlé tí kì í balẹ̀. Àwọn yòókù jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n òfin ní ihò kan nínú: bí ohun àtijọ́ kan bá wà tí àwọn èèyàn fi ọwọ́ lásán tún ṣe, wọ́n lè mú un rìn, kí àwọn ọmọ lè mọ bí ayé ti rí tẹ́lẹ̀. Tàlàbí ló rí ihò náà. Ojú irin kan wà tó gba inú àfonífojì Ọ̀wárá kọjá, èyí tí wọ́n ti pa tì kí wọ́n tó bí i. Ó lọ bá Àjọ Ohun Àná, ó ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ọ̀gá wọn nígbà náà dìde dúró níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní bí wọ́n bá tún un ṣe tán, ọkọ̀ á dúró ní Ọ̀wárá, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn òkú wọn.

Wọ́n fi àdá ṣán igbó, wọ́n fi ọkọ́ wa ẹrẹ̀. Àwọn igi tó ti hù láàárín irin tóbi débi pé èèyàn méjì ò lè dì mọ́ wọn. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní ìbú ojú irin, bí òjò ń rọ̀, bí ejò ń bọ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, wọn ò sì bá a dé òpin. Tẹ́ṣàn Ọ̀wárá nìkan ni Àjọ ní àwọn fúnra àwọn á tún ṣe. Wọ́n ta aṣọ funfun gbọọrọ yí ibẹ̀ ká, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn aṣọ náà.

“Ẹ jẹ́ ká wà á lọ,” Ìgè ní. “Bí a bá dúró lónìí, wọ́n á hú irin yìí. Àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ á wá kú lásán. Bí a ò bá dúró, ọkọ̀ á ṣì wà, àwa náà á ṣì wà. A lè bá wọn jà lọ́la.”

“Ọ̀la wo? Ṣé o ti wo kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn? Mélòó ló rí ọ̀la nínú wọn?”

Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Màmá Efúnyẹmí kọjá nísàlẹ̀ fèrèsé. Ìyá náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó tẹ̀ síwájú bí ọ̀pẹ tí ìjì gbá. Ó fi ìgbálẹ̀ tuntun kan há abíyá, ó sì gbójú sókè.

“Tàlàbí, ọmọ Ọdẹ́wálé! Mo mú ìgbálẹ̀ dání o. Mi ò gbá ojú oórì ìyá mi láti ọjọ́ yìí. Ó máa ti ní mo gbàgbé òun.”

Tàlàbí kàn mi orí sí i. Nígbà tí màmá náà ti wọlé tán, ó wí fún àbúrò rẹ̀ pé, “Lọ sọ fún wọn.”

“Ẹ̀yin ni dírẹ́bà.”

“Ìwọ ni gáàdì. Ìwọ lo fẹ́ ká máa lọ. Lọ sọ fún wọn pé ojú fèrèsé ni wọ́n á ti gbálẹ̀.”

Ìgè lọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sọ fún wọn. Tàlàbí mọ̀ pé kò sọ, nítorí pé orin ló ń gbọ́ láti kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ṣí.

Ládépò padà wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú orí ọkọ̀. Èéfín ń tú lókè, èéfín funfun tí kò ní òórùn, nítorí pé bátìrì ló ń wa ọkọ̀ náà. Àjọ ló ní kí wọ́n fi èéfín sí i kó lè wu àwọn àlejò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn ilé gogoro Òkè-Ìtura kéré sí i lẹ́yìn wọn, àfonífojì sì ṣí sílẹ̀ níwájú bí àtẹ́lẹwọ́.

Igbó ti gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ padà. Odò Ọ̀wárá, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà èwe Tàlàbí, ń hó láàárín òkúta. Agbo ẹfọ̀n kan gbórí sókè wo ọkọ̀ náà, wọn ò tilẹ̀ sá. Tàlàbí ò lè purọ́: ilẹ̀ náà sinmi lóòótọ́, ó sì lẹ́wà. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí i nínú. Bí ẹni tó rẹ̀ bá sùn, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí a sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ṣé bí ilẹ̀ bá sinmi tán, kò níí jí? Bó bá sì jí, ta ló yẹ kó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

“Ẹ ò rí i bí ó ti dára tó,” ni Ládépò wí.

“Mo rí i.”

“Inú yín á dùn tí a bá dé ọ̀hún. A ti fi nǹkan kan dá yín lọ́lá.”

Tàlàbí ò bi í léèrè. Ó ti pinnu. Ó ti gbé ìbínú náà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì, ó ń rán ara rẹ̀ létí pé irin yìí gbọ́dọ̀ wà, pé àbúrò òun ò purọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ pa ejò kì í kọ́kọ́ la ẹnu pariwo. Ó á dẹ ìrìn. Ó á fun fèrè. Ó á máa lọ. Lálẹ́, ó á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, á sì fi ìrọ̀rí bo ẹnu ké.

Ọkọ̀ náà yí kọ́nà. Wọ́n ti ká aṣọ funfun náà kúrò. Tẹ́ṣàn Ọ̀wárá hàn ketekete, páànù rẹ̀ pupa bí tuntun, èrò sì kún orí pèpéle rẹ̀.

Tàlàbí kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe fìrìfìrì. Àwọn èèyàn ni, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n wọ aṣọ tí àwọn èèyàn ń wọ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọge. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń juwọ́ sí ọkọ̀, ọwọ́ wọn ń lọ ó ń bọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ó rí Bísíìlù aránṣọ, tó ti kú. Ó rí Olùkọ́ Àjàní, tó ti kú. Ọkọ̀ ń fà lọ jẹ́jẹ́, ojú ń kọjá lẹ́yìn ojú, ó sì wá rí i níbi òpin pèpéle: ọkùnrin gíga kan tó fi fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń ju áńkáṣíìfù, tó la ẹnu rẹ́rìn-ín gbàgbà, eyín rẹ̀ funfun láìkù kan.

“Ta nìyẹn?” ni ohùn kan bèèrè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ohùn òun ni.

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n?” Inú Ládépò dùn gan-an. “Bàbá yín ni! Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n, gbogbo wọn. Inú fọ́tò Ìkólọ la ti yọ wọ́n jáde. Ẹ rántí pé wọ́n ya olúkúlùkù yín lọ́jọ́ tí ẹ ń kúrò. Ìyàlẹ́nu la fẹ́ fi ṣe fún yín, Màmá.”

Tàlàbí rántí. Ó rántí pé wọ́n fi nọ́ńbà kọ́ ọrùn olúkúlùkù, wọ́n ní kó wo iwájú. Ó rántí pé èèyàn mẹ́ta ló di bàbá òun mú kí wọ́n tó lè ya fọ́tò náà, àti pé ìyá ìyá Bísíìlù jókòó sílẹ̀ nínú eruku, kò gbà kí wọ́n gbé òun.

“Bàbá mi ò ní eyín iwájú,” ó ní.

“Ẹ ní kí ni?”

“Ẹ̀ka kòkó ló já lù ú, ó ká a léyín. Ojú ń tì í. Bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èmi ni mo máa ń fa ọwọ́ náà kúrò. Ẹ fi eyín sí i lẹ́nu.”

“A tún wọn ṣe díẹ̀ ni. Àwọn àlejò ò fẹ́ máa wo ojú ìbànújẹ́. Fọ́tò tí a rí ò ṣe é wò rárá, ẹkún ni gbogbo wọn…”

Ohùn Màmá Efúnyẹmí ya wọ inú orí ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀pá ìsọ̀rọ̀ tó lọ sí kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn.

“Tàlàbí! Tàlàbí o! Ta ló gbé mi síbẹ̀ yẹn? Èmi tí mo jókòó síhìn-ín yìí, ta ló gbé mi síbẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín? Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn! Ẹ̀yin ará Ọ̀wárá, ẹ bá mi jẹ́rìí, mi ò rẹ́rìn-ín!”

Tàlàbí fi ọwọ́ méjèèjì fa bíréèkì.

Irin ké. Ọkọ̀ náà gbọ̀n láti orí dé ìrù, Ládépò sì fi èjìká gbá ògiri. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ohùn tútù bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Ọkọ̀ ti dúró níbi tí kò yẹ. Awakọ̀, jọ̀wọ́ gbé ọkọ̀.”

“Ẹ gbé e!” Ládépò kígbe. “Àyè ṣì wà, Màmá, ẹ gbé e!”

“Èyí tí ẹ lé kúrò, ẹ lé e kúrò,” Tàlàbí ní. Kò gbé ohùn sókè. “Èyí tó kú, ó kú. Ṣùgbọ́n ẹ tún wá gbé ojú wọn, ẹ ní kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí bàbá mi máa juwọ́ sí ọkọ̀ tí kò ní gbé e.”

“Awakọ̀, jọ̀wọ́ gbé ọkọ̀.”

“Wọ́n á hú irin yín!”

“Kí wọ́n hú u! Ìwọ, kúrò lọ́nà mi.”

Kò tíì fi “ìwọ” bá a sọ̀rọ̀ rí. Ládépò sún sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

“Tàlàbí Ọdẹ́wálé,” ni Ẹlẹ́rìí wí, “ọwọ́ rẹ ti tì.” Ojú pupa náà kú, orí ọkọ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èéfín funfun náà sì dúró.

Tàlàbí mú ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń yí bóòtù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìkàn pèpéle, tààrà sínú koríko. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé ilẹ̀ máa ń rọ̀.

Wọ́n ti ń sọ̀ láti kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn. Ìgè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fún wọn lọ́wọ́ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ tutù fún omijé, ó wá ń sọ fún wọn pé ojú fèrèsé ni òfin ní kí wọ́n ti wo ìlú. Màmá Efúnyẹmí ló kọ́kọ́ dé ẹsẹ̀ pèpéle. Ó lọ dúró níwájú obìnrin ìmọ́lẹ̀ kan tó ró ìró dáadáa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tó ń juwọ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni,” ni màmá náà wí. “Èmi, ojú fèrèsé ni wọ́n ní kí n ti máa júwe tèmi. Wọ́n sì tún fi èmi ṣọ́nà kí èmi má baà wọlé.” Ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó rí gíláàsì kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ó yí ìdí ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gún gíláàsì náà. Kò fọ́. Ó tún un gún. Nígbà tí kò fọ́, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó he òkúta tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ irin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì là á mọ́ gíláàsì náà. Obìnrin ìmọ́lẹ̀ náà pòórá pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lókè.

“Tèmi ni mo fọ́ yẹn,” ó ní, ó sì he ìgbálẹ̀ rẹ̀. “Mi ò ní fọ́ ti ẹlòmíì.”

Tàlàbí rìn dé òpin pèpéle.

Ọdẹ́wálé ń rẹ́rìn-ín sí i. Bó ti sún mọ́ ọn tó yìí, ó rí àpá tó wà lójú ọ̀tún rẹ̀, ó rí bí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun láti ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí jẹ́ òótọ́. Ọdún kan péré ni bàbá rẹ̀ lò ní Òkè-Ìtura. Ó kọjú sí ògiri, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò ní òórùn, kò sì jẹun mọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, Tàlàbí ò rí ojú yìí kó mì, kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì. Ọ̀pá irin náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú pé bí òun bá fi í sílẹ̀, òun á máa rí i. Òun lè jókòó síbí lójoojúmọ́. Ó dúró, ó ń retí pé bóyá ọwọ́ náà á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó bo ẹnu. Ọwọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Áńkáṣíìfù náà ń fẹ́ sínú atẹ́gùn tí kò sí.

“Ta ni ìwọ?” Tàlàbí bi í.

Ó gbé ọ̀pá náà sókè, ó sì lù ú mọ́ gíláàsì ẹsẹ̀ ọkùnrin náà títí apá rẹ̀ fi ro, kò dẹ́kun nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti kú, kò dẹ́kun nígbà tí ó ku kìkì irin nìkan. Ariwo kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgè ló wá di apá rẹ̀ mú.

“Ó ti tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tó.”

“Kò tó!”

“Mo mọ̀ pé kò tó,” Ìgè ní. “Ẹ gbé e fún mi.” Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí pèpéle, ó sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ó ń bi àwọn àgbà pé ta ló ni èyí, ta ló ni tọ̀hún. Ẹni tó bá ní tòun ni, á gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àlejò ti bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n kó ara jọ sí kọ́ọ̀ṣì iwájú bí adìẹ tí òjò ká mọ́. Ládépò yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Kò fi ẹsẹ̀ lélẹ̀.

“Ta ni yóò gbé wa padà?” ó kígbe. “Àwòdì ò gbọdọ̀ balẹ̀ níbí! Ẹ ti tì wá mọ́ inú igbó!”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni,” Tàlàbí dáhùn. “Báwo ló ti rí lára rẹ?”

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́…”

“Irin wà nílẹ̀. Àárín rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ìsinmi, àwa la fọwọ́ wa to ó. Ó lọ tààrà sí Òkè-Ìtura. Kó àwọn àlejò rẹ, kí ẹ tẹ̀ lé e.”

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan sáàárín irin, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni tó ń wọ odò, wọ́n sì ń tẹ orí pákó kan bọ́ sí òmíràn lọ sókè. Ládépò ló kẹ́yìn. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Tàlàbí kẹ̀yìn sí i.

Ìlú Ọ̀wárá ò sí mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn náà kò ju igbó lọ, àti àwọn òkúta ìpìlẹ̀ tó yọrí díẹ̀díẹ̀ nínú ewé. Àwọn àgbà tú ká sínú rẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn láti ibì kan sí ibòmíràn: ibí yìí ni ilé Bísíìlù, ẹ wá wo kànga wa, ta ló rántí ibi tí ọ̀nà gbà? Màmá Efúnyẹmí ti rí ojú oórì ìyá rẹ̀. Ẹnìkan ń bá a fa gbòǹgbò kúrò lórí rẹ̀, òun sì ń gbá ibi tó ti mọ́.

Tàlàbí mọ ilé bàbá rẹ̀ nípa òkúta ẹnu ọ̀nà, tó ní ihò níbi tí wọ́n ti ń pọ́n àdá. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí kò ní ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́ láé, ó ronú kan ibùsùn rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà, àti ìkòkò ọbẹ̀ tó fi sílẹ̀ láàárọ̀. Kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n kò sì rọrùn fún un. Ìbínú náà ṣì wà, ó gbóná, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó di koríko tó hù lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu.

Ibẹ̀ ni àwòdì Àjọ bá a. Ó ti òkè wá, ó ń kùn, ó dúró sínú òfuurufú lókè orí rẹ̀, ó ga tó igi àràbà. Ohùn ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ń bú jáde láti inú rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará Òkè-Ìtura! Ẹ ti rú Òfin Ilẹ̀ Ìsinmi. Wọ́n pàṣẹ pé kí ẹ kúrò níhìn-ín kí oòrùn tó wọ̀. Tàlàbí Ọdẹ́wálé, ìwọ ni olórí wọn. Kó wọn kúrò. Ẹni tó bá kọ̀ ni a ó…”

Tàlàbí dìde. Koríko kún ọwọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ ń já bọ́ láti ara gbòǹgbò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ikùn àwòdì náà, tó mọ́, tó ń dán, tí òfin ara rẹ̀ ò jẹ́ kó lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀.

“Mi ò gbọ́ ọ!” ó kígbe. “Sọ̀ kalẹ̀ wá! Wá dúró síwájú mi, kí o tún un sọ!”

Àwòdì náà ń kùn lókè, atẹ́gùn rẹ̀ ń tẹ ewé mọ́lẹ̀ ní gbogbo àyíká. Ó dúró títí. Kò sọ̀. Tàlàbí sọ koríko ọwọ́ rẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún di òmíràn mú.